Ṣé orin tán nínú Emerson, Lake & Palmer ni, àbí ayé ló yí?

Ẹ̀yin ará, ẹ dákun. Lánàá, bí mo ṣe gbọ́ Brain Salad Surgery, àwo orin tí ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí gbé jáde ní 1973, tán, mo gbé àwo wọn Love Beach ti 1978 lé e. Ọkàn mi bàjẹ́. Ọdún márùn-ún péré o! Ẹ tiẹ̀ wo èèpo rẹ̀: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣíyà sílẹ̀ létí òkun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ṣé pọ́ǹkì, orin rọ́ọ̀kì kúkúrú tó le tó ń gbòde nígbà yẹn, ló dẹ́rù bà wọ́n ni?

Èsì: Kì í ṣe pọ́ǹkì nìkan. Ní 1977, odidi ọ̀kẹ́sítírà ni wọ́n kó dání lọ ṣeré káàkiri. Owó yẹn kọjá agbára wọn, wọ́n dá àwọn èèyàn náà padà lójú ọ̀nà. Ó ti sú wọn. Àdéhùn tó kù nílẹ̀ ló lé wọn dé Bahamas lọ gba orin yẹn sílẹ̀.

Èsì: Ẹ̀gbọ́n, mo gbà, àmọ́ ẹ yí àwo Love Beach sí ojú kejì. Orin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó tó ìṣẹ́jú 20. Ẹni tí orin tán nínú rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ẹgbẹ́ Yes, tí òun náà ń ṣe irú orin yìí, ńkọ́? Wọ́n gbé àwo 90125 jáde ní 1983, “Owner of a Lonely Heart” sì gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n Trevor Rabin, ẹni tuntun nínú ẹgbẹ́ náà, ló gbé orin náà wá.

Èmi tí mo béèrè: Mo ti yí i. Dùùrù yẹn dùn, mi ò ní purọ́. Ojú kìíní ni mi ò tún ní gbọ́ mọ́.