Báwo lẹ ṣe ń díwọ̀n ìwà ọmọlúàbí lára akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín?

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣègùn eyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan mọ ihò eyín dí dáadáa, ṣùgbọ́n kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ aláìsàn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ń kọ ohun tí kò ṣe sínú fáìlì. Irọ́ inú fáìlì yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìdánwò kíkọ kò lè tú u fó. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ ìdáhùn tó yẹ kí wọ́n kọ. Mo ń rò ó pé kí àwọn nọ́ọ̀sì àtàwọn aláìsàn náà máa sọ ohun tí wọ́n rí lára rẹ̀. Ṣé ó ti ṣiṣẹ́ fún yín? Ṣé ẹ lè torí ìwà nìkan dá akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́ dúró?