Pámpásì tó ń tutù kò ní kí kíndìnrín má bàjẹ́: ìrírí àwa òbí ọmọ tó ní spina bifida

Ìyá kan, Ìbàdàn

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ẹ̀yin òbí. Ẹnì kan bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń ki kátítà, ìyẹn rọ́bà tín-ín-rín tó ń fa ìtọ̀ jáde nínú àpò ìtọ̀, bọ ọmọ tó ń tọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí ká jọ kà á.

Nígbà tí mo bí ọmọkùnrin mi, kókó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ojú wà. Òun ni spina bifida: ọ̀pá ẹ̀yìn tí kò pa dé tán nínú oyún. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n dí i. Kò pẹ́, orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi, wọ́n tún fi rọ́bà tín-ín-rín tó ń fa omi orí lọ sí ikùn sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ ló kù tá à ń sọ: ṣé yóò rìn? Ta ló fẹ́ rántí ìtọ̀, nígbà tí pámpásì ń tutù látàárọ̀ dalẹ́? Ìyá ọkọ mi tiẹ̀ ń dúpẹ́ ni: "Ó ń tọ̀ dáadáa, kò há a."

Dókítà ọmọdé ló ní ká lọ ya àwòrán kíndìnrín, bẹ́ẹ̀ ara ọmọ le koko nígbà náà. Èsì dé, kíndìnrín òsì ti ń kún fún omi. Wọ́n wá ṣàlàyé fún wa. Iṣan tó ń jíṣẹ́ fún àpò ìtọ̀ gba ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá, ibẹ̀ gan-an sì ni kókó wà. Nítorí náà àpò àti ẹnu rẹ̀ kì í gbọ́ ara wọn yé: àpò á máa fún pọ̀, ẹnu á dì pa. Díẹ̀ tó bá ráyè á máa ro sínú pámpásì. Èyí tó kù, ìfúnpọ̀ yẹn á tì í gba òkè padà lọ bá kíndìnrín. Kò sì ní dun ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá yẹ̀ wò pàápàá lè mọ́, torí kíndìnrín kejì á máa ru ẹrù ìkíní.

Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ṣe é lójú mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ pámpásì ni, ó tutù rinrin. Mo ní kí ló tún fẹ́ kù níbẹ̀? Ó fi ọṣẹ fọwọ́, ó nu ojú ara ọmọ, ó fi jẹ́ẹ̀lì pa kátítà nọ́ńbà 6, ó rọra ń tì í wọlé títí ìtọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú abọ́. Ó dà, ó dà. Nígbà tó dáwọ́ dúró, ó fà á jáde díẹ̀, òmíràn tún tú. Ó ní ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń kánjú fà á yọ, tí ìsàlẹ̀ àpò á ṣì ní omi. Ó wọ̀n ọ́n: 70 ml. Lára ọmọ jòjòló tó "ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ tán" o!

Bàbá kan, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Tiwa, ibà ló tú àṣírí. Ara ọmọbìnrin wa á gbóná, á máa bì, a ó sáré ra oògùn ibà. Á rọlẹ̀, á tún dé. Dókítà tó yanjú ẹ̀ bi wá pé, "Ṣé ẹ ti yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò?" Kátítà ni wọ́n fi gbà á, torí èyí tí wọ́n fi ọ̀rá lẹ̀ mọ́ ara gbà lè kó kòkòrò awọ ara mọ́ra. Kòkòrò jáde lóòótọ́, láàbù sì sọ oògùn tó máa pa á. Ní báyìí, bí ara rẹ̀ bá ti gbóná, à ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà, à ń yẹ ìtọ̀ náà wò.

Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un, torí ó ń náni lówó. Ọmọ tó ń lo kátítà, lọ́jọ́kọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ìtọ̀ rẹ̀ lọ láàbù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí kòkòrò níbẹ̀. Láàbù kan fẹ́ sọ ọ́ di òwò fún wa: oṣooṣù kòkòrò, oṣooṣù abẹ́rẹ́. Dókítà wa ní bí ara ò bá gbóná, tí kò bì, tí ikùn àti ẹ̀yìn ò dùn ún, tí ìtọ̀ rẹ̀ ò sì ṣàdédé máa ro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ká fi í sílẹ̀. Oògùn àlòjù ló ń kọ́ kòkòrò lọ́gbọ́n.

Obìnrin kan, Òṣogbo

Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi máa ń tẹ ikùn ọmọ mi, ìtọ̀ á sì tú jáde. Ṣé ìyẹn ò lè dípò kátítà? Ẹ̀rù kátítà ń bà mí.

Obìnrin kan, Lọ́ńdọ̀nù

Àbúrò mi, ẹ dákun, ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n dáwọ́ dúró ná títí dókítà á fi rí i. Bí ẹnu àpò bá dì, títẹ̀ yẹn lè ti ìtọ̀ sókè. Níbí, kí wọ́n tó dá wa sílẹ̀ lọ́sibítù ni wọ́n ti kọ́ mi ní kátítà, wọn ò dúró kí kíndìnrín kún. NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ló ń fún wa ní kátítà, ẹyọ kan fún ẹ̀ẹ̀kan, ká jù ú nù. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìyẹn kó yín láyà jẹ. Lọ́dún 1972, Dókítà Jack Lapides àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ jáde pé ọwọ́ mímọ́ àti kátítà mímọ́ tó, kò di dandan kó rí bíi ti yàrá iṣẹ́ abẹ; àpò tó kún jù ló ń ṣílẹ̀kùn fún àìsàn. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ kátítà, tí wọ́n ń sá a gbẹ, tí wọ́n ń tún un lò. Ẹ ṣáà bi nọ́ọ̀sì yín léèrè èyí tó ṣeé fọ̀.

Ìyá kan, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Kátítà nìkan ò tó fún tiwa. Dókítà wọn ọmọ lórí ìwọ̀n, ó fún un ní oxybutynin kí àpò lè dẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ á gbẹ, kì í sì í làágùn dáadáa, nítorí náà nínú ooru oṣù kẹta mi ò jẹ́ kó ṣeré nínú oòrùn. Ìgbẹ́ rẹ̀ á tún le, bẹ́ẹ̀ ìgbẹ́ tó bá dì sínú á máa tẹ àpò ìtọ̀, ìtọ̀ á máa ro. Ìbẹ́pẹ àti omi ò wọ́n nílé wa.

Ẹ tún kíyè sí bàlúùnù ọjọ́ ìbí. Ara ọ̀pọ̀ ọmọ wa máa ń kọ rọ́bà látẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń ṣe é, kátítà pupa onírọ́bà náà sì wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe. Oníke tàbí onísílíkónì ni kẹ́ ẹ béèrè.

Àbúrò mi Òṣogbo, kì í dun tèmi, dídì í mú ló máa ń bí i nínú. Bí mo bá ti fi àwòrán eré sí fóònù, ó ti tán. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ ya àwòrán, ẹ ní kí wọ́n wo kíndìnrín méjèèjì, kí wọ́n wo àpò nígbà tó kún, kí wọ́n sì tún un wò lẹ́yìn tí ọmọ bá tọ̀ tán, kí wọ́n kọ iye tó kù sínú èsì. Bí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ má tíì kúrò níbẹ̀.