Ẹyin Ascaris: báwo ni DAPI (àwọ̀ tó ń mú DNA tàn) ṣe lè wọlé ká tó rí DNA tí ọlẹ̀ ń gé dànù?

Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín mọ ẹyin Ascaris suum, aràn inú ìfun ẹlẹ́dẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn yín la ń wá. DNA tí ọlẹ̀ ń gé dànù la fẹ́ fi maikirosíkóòpù wò, irú èyí tí Boveri kọ́kọ́ rí nínú aràn ẹṣin ní 1887.

Inú ilé ọmọ abo aràn la ti ń kó ẹyin. NaOH 0.5 M la fi ń yọ́ ẹran ilé ọmọ kúrò, kí ẹyin tó bọ́ sínú H₂SO₄ 0.1 N ní 30°C. Ó ń tó nǹkan bíi wákàtí 60 kó tó di sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin. Láàárín ìgbà yẹn sí sẹ́ẹ̀lì 16 ni gígé náà ń ṣẹlẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí yóò di ara nìkan ló ń gé tirẹ̀.

Ibi tó ti takókó nìyí: DAPI kì í wọlé. Ìpele ọ̀rá tó wà lábẹ́ kítínì (èèpo líle ẹyin) kì í jẹ́ kí nǹkan kan kọjá (òun náà ni ásíìdì ò fi pa ọlẹ̀). Bí sodium hypochlorite, tí a fi ń bó èèpo, bá pẹ́ lára ẹyin, á bẹ́. Bí kò bá pẹ́, a ò ní rí nǹkan kan. Ṣé ká dì í sínú naitrojin olómi, ká là á, ká wá fi methanol −20°C mú un dúró? Àbí chitinase (ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ kítínì) ló dára jù?

Ẹ̀ẹ̀kejì, ní anaphase (ìgbà tí kúrómósóòmù ń pínyà), àjákù DNA tí kò ní CENP-A (prótéènì tó ń sàmì sí ibi tí okùn tó ń fa kúrómósóòmù ń dì mú) máa ń há sáàárín, torí okùn náà ò rí i dì mú. Kúrómósóòmù tó kàn fà sẹ́yìn jọ ọ́ gan-an. Ṣé FISH (àmì tó ń tàn, tó ń lẹ̀ mọ́ DNA kan pàtó) lórí ègé DNA oní-lẹ́tà 120 (bp 120) tó ń tún ara rẹ̀ ṣe léraléra, tí gígé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kó lọ tán pátá, máa tó láti fìyàtọ̀ sí wọn?