Aago mélòó ni kí ọmọ mi máa jẹun alẹ́ ní Sípéènì?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa kúrò ní Manchester wá sí Granada, ọ̀rọ̀ àsìkò oúnjẹ sì ń dà mí láàmú gan-an.

Ní Ìlú Ọba, ọmọ mi, ọmọ ọdún 6, á ti jẹun alẹ́ tán kí aago 6 tó lù. Níbí, aago 2 ọ̀sán ni ilé ìwé rẹ̀ ń parí, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ń jẹ oúnjẹ gidi, èyí tó pọ̀ jù lóòjọ́. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á tún fún ọmọdé ní ìpápánu. Oúnjẹ alẹ́ di aago 9 tàbí 10. Àwọn òbí á sì kó ọmọ dání lọ jẹ tapas, ìyẹn oúnjẹ kéékèèké tí wọ́n ń jẹ pẹ̀lú ohun mímu. Ní Granada, tó o bá ra ohun mímu, wọ́n á gbé àwo oúnjẹ kékeré tì í lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀.

Mo gbé oúnjẹ fún un ní aago 6, ebi ò pa á. Mo sún un di 9, ó sùn lọ kó tó jẹun. Ọkọ mi ní ká di ti Ìlú Ọba mú, àmọ́ ìgbà yẹn gan-an làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré ní gbàgede, mi ò sì fẹ́ kó dá wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ ọmọ níbí, aago mélòó lẹ ń fún un lóúnjẹ alẹ́ lọ́jọ́ ilé ìwé, tó fi ń sùn dáadáa?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀.