Ibà dẹ́ńgè nínú oyún: ṣé ààbò ara ìyá ń dé ara ọmọ?

Aboyún Iléṣà:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin onímọ̀, mo kí yín o. Oyún mi ti pé oṣù méje. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ara mi gbóná gidigidi, ẹ̀yìn ojú ń ro mí, gbogbo oríkèé ara sì ń dùn mí bí ẹni tí wọ́n lù. Mo lo oògùn ibà tán, kò lọ. Nígbà tí a wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n sọ fún wa pé dẹ́ńgè ni, àrùn kan tí ẹ̀fọn ń kó ranni. Ara mi ti yá báyìí, ọmọ sì ń yí dáadáa nínú. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ẹ̀gbọ́n mi kan ní ọmọ tí mo bá bí kò lè ní dẹ́ńgè láé, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ mi ti bá àrùn náà jà; aládùúgbò mi sì ní irọ́ ni, pé ààbò yẹn gan-an ló máa ń ṣe ọmọ ní jàǹbá. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, Ilé-Ifẹ̀:
Ọmọ mi, àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o. Àwọn méjèèjì mú òótọ́ díẹ̀ dání. Nígbà tí ara bá ń bá dẹ́ńgè jà, ó máa ń ṣe áńtíbọ́dì, ìyẹn àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá kòkòrò àrùn jà. Oríṣi méjì tó kàn wá níbí ni IgM, tí kì í gba inú ibi ọmọ kọjá, àti IgG, tó máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, tí ibi ọmọ fúnra rẹ̀ sì máa ń gbé sọdá sọ́dọ̀ ọmọ. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin ló ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kẹ́yìn oyún ni èyí tó pọ̀ jù ń kọjá, débi pé ti inú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ lè ju ti ìyá lọ lọ́jọ́ ìbí. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kì í rí tó gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó nìyí. Oríṣi kòkòrò àrùn (fáírọ́ọ̀sì) dẹ́ńgè mẹ́rin ló wà, èyí tó mú ọ ni áńtíbọ́dì rẹ mọ̀ dunjú. Ààbò tí ọmọ gbà sì jẹ́ àyálò, nítorí ara rẹ̀ kò tíì mọ bí a ṣe ń ṣe é, ó sì ń dínkù lóṣooṣù. Bí ó bá ti kéré débi tí kò lè borí kòkòrò náà mọ́, síbẹ̀ tí kò tíì tán, ó lè lẹ̀ mọ́ ọn, kí ó sì ràn án lọ́wọ́ láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, níbi tí yóò ti máa pọ̀ sí i. Ní Bangkok, ní orílẹ̀-èdè Thailand, àwọn dókítà ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ ọwọ́ tí ìyá wọn ti ní dẹ́ńgè rí lè ní èyí tó le koko ní ìgbà àkọ́kọ́ tó bá mú wọn, pàápàá ní nǹkan bí oṣù 6 sí 8. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń ṣe.

Onílé-àyẹ̀wò, Mọdákẹ́kẹ́:
Ìyá wa, ẹ kú làákàyè. Mo fẹ́ fi kún un pé kòkòrò àrùn náà fúnra rẹ̀ lè dé ara ọmọ bí àìsàn bá mú ìyá nígbà tí ìbí ti sún mọ́lé. Ti arábìnrin wa ti kọjá tipẹ́. Àwọn kan á sì máa rò pé àrùn òkèèrè ni dẹ́ńgè, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti rí oríṣi kìíní àti ìkejì nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ní Ìbàdàn láàárín 1964 sí 1968. Ibà la kàn ń pe gbogbo rẹ̀.

Aboyún Iléṣà:
Ẹ ṣeun, mà. Ṣé mo lè fún un lọ́mú?

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, Ilé-Ifẹ̀:
Fún un dáadáa. Ẹ̀fọn ni kí o ṣọ́. Ọ̀sán ni ẹ̀fọn dẹ́ńgè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àmì funfun, máa ń jẹni, nítorí náà ta nẹ́ẹ̀tì lé ọmọ lórí bó bá ń sùn lọ́sàn-án. Dé orí àmù àti dúrọ́ọ̀mù omi, má sì jẹ́ kí òjò dúró sínú táyà ní ẹ̀yìnkùlé. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen. Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí pé ìyá rẹ̀ ní dẹ́ńgè nínú oyún, kí dókítà tó bá rí i ní oṣù keje má baà fi oògùn ibà nìkan dá a padà sílé.