Mo kọ "ọgbọọgba" sínú ìwé ẹgbẹ́, ọmọ mi ní kò bá ìṣirò mu

Ìyá Akápò: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ṣàgámù. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún owó wa lọ́dún yìí. Báńkì kìíní máa fún wa ní èlé ₦100,000, ìkejì ₦90,000. Ìkẹta ni ká ra àgbàdo pamọ́: bó bá wọ́n, èrè ₦250,000, bí kò bá wọ́n, a ò ní jèrè kọ́bọ̀. A gbà pé méjèèjì ló ṣeé ṣe bákan náà. Alága ní àgbàdo, Àlhájà ní báńkì, ẹnì kan ò gbà fún ẹnì kejì. Ni mo bá kọ ọ́ pé àgbàdo àti báńkì kìíní, ọgbọọgba. Àgbàdo àti báńkì kejì, ọgbọọgba. Ọmọ mi tó ń ka ìṣirò wò ó, ó ní: "Màámi, tó bá rí bẹ́ẹ̀, báńkì méjèèjì náà gbọ́dọ̀ dọ́gba." Wọn ò sì dọ́gba! Níbo ni mo ti ṣì í?

Bàbá Oníṣirò: Ìyá wa, ọ̀rọ̀ "ọgbọọgba" yẹn ni. Ohun tó dọ́gba yàtọ̀ sí ohun tí a kò tíì lè fi wéra. Aumann, onímọ̀ ìṣirò, ti yẹ èyí wò ní 1962: ẹ lè fún báńkì kìíní ní nọ́ńbà tó ju ti kejì lọ, ṣùgbọ́n ibikíbi tí nọ́ńbà àgbàdo bá bọ́ sí, kò sọ ohun tí ẹgbẹ́ fẹ́.

Ẹ kọ ìlà méjì, ká fi ẹgbẹ̀rún náírà kà á. Alága ń ka owó bó ṣe wà: 100, 90, àgbàdo ìdajì 250, ìyẹn 125. Àlhájà ń bẹ̀rù àìrí nǹkan kan, ẹ jẹ́ ká fi square root (nọ́ńbà tí a bá fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, tó máa fún wa ní iye náà) ka tirẹ̀: 10, 9.5, àgbàdo ìdajì 15.8 (square root 250), ìyẹn 7.9. Ibi tí ìlà méjèèjì bá ti fẹnu kò nìkan ni ẹgbẹ́ ti yàn: báńkì kìíní ju kejì lọ. Irú àkójọ ìlà báyìí ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Dubra, Maccheroni àti Ok ṣàlàyé ní 2004. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn gan-an ni.

Ọmọ Báńkì: Ẹ kú àlàyé, sà. Ẹ̀ka tó ń wo ewu ni mo wà. Láti ìgbà iṣẹ́ Artzner, Delbaen, Eber àti Heath ní 1999, a lè to oríṣiríṣi ọ̀nà tí ọjà lè gbà lọ, ká wo àdánù tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká mú èyí tó burú jù. Ó dára fún mímọ iye tó yẹ ká fi pamọ́ de ewu. Ṣùgbọ́n mà, bí ẹ bá fi yan ọ̀nà fún ẹgbẹ́, àgbàdo á bọ́ sí òdo, báńkì kejì á borí rẹ̀, Alága ò sì gbà bẹ́ẹ̀. Bí owó bá tiẹ̀ wà ní náírà àti dọ́là, tí pípààrọ̀ wọn sì ń jẹ owó, ìdáhùn Jouini, Meddeb àti Touzi ní 2004 kì í ṣe nọ́ńbà kan mọ́, àkójọ ni: iye náírà mélòó pẹ̀lú iye dọ́là mélòó ló tó láti fi pamọ́ de ewu.

Ìyá Akápò: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pa "ọgbọọgba" rẹ́, mo ti yọ báńkì kejì kúrò. Ìlà méjèèjì ni màá gbé lọ sípàdé. Àlhájà á bi mí ìdí tí tirẹ̀ fi jẹ́ square root. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ tó máa yé wọn?