Híítà omi tí kò ní táǹkì: kí ni èrè rẹ̀, kí ni wàhálà rẹ̀?

Ilé_Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Híítà onítáǹkì lítà 50 ni mo fẹ́ pààrọ̀, torí ìdí rẹ̀ ti ń jò. Ṣé kí n kúkú ra èyí tí kò ní táǹkì, tó ń mú omi gbóná bó ṣe ń kọjá? Èèyàn 4, balùwẹ̀ 1, síńkì 1. Táǹkì òkè ilé lomi ti ń ṣàn wá, kò sí pọ́ǹpù. Ti iná mànàmáná ni mo ní lọ́kàn, àmọ́ bí ti gáàsì bá sàn jù, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Wáyà_Pupa:
Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà. Kí omi lítà kan tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan tó lè fi dígírì kan gbóná sí i, ó máa gba nǹkan bíi wáàtì 70. Ká ní ṣáwà yín ń lo lítà 6 ní ìṣẹ́jú kan, tí omi ń wọlé ní dígírì 25, tẹ́ ẹ sì fẹ́ 40: 6 × 15 × 70, ó lé díẹ̀ ní 6 kW (kW kan jẹ́ wáàtì 1,000). Níbi tí omi ti ń wọlé ní dígírì 8, ṣáwà yìí kan náà á gba 13 kW ó lé. Ìdí nìyẹn tẹ́nì kan fi ń yin ẹ̀rọ yìí, tí ẹlòmíì sì ń bú u.

Lórí iná 230 V, 6.3 kW ń fa bíi 27 A. Ẹ má so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì láé. Ó gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ láti ìdí bọ́ọ̀dù: 6 mm² bí ọ̀nà kò bá jìn, 10 mm² bó bá jìn, bíríkà 32 A, RCD 30 mA (èyí tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò), àti ẹ́ẹ̀tì tó dájú. Ibi tó sábà ń jóná ni ibi tí wọ́n ti fi nọ́ọ̀tì de wáyà: bí ìdè yẹn bá dẹ̀, ooru á yọ́ rọ́bà ara rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ínfátà 5 kVA lẹ gbẹ́kẹ̀ lé, kò ní gbé e.

Páìpù_Idẹ:
Omi gan-an ló ń kọ mí lóminú. Gíga mítà kan láàárín táǹkì àti ṣáwà, 0.1 bar péré ló ń fún yín (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì). Bí táǹkì bá fi mítà 3 ga ju ṣáwà lọ, 0.3 bar nìyẹn, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ sì ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síwíìṣì kan wà nínú rẹ̀ tí kì í tan iná àyàfi bí omi bá tó bíi lítà 2 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá ṣí omi díẹ̀ láti fá irùngbọ̀n, omi tútù ni yóò rí.

Ẹ gbé bákẹ́ẹ̀tì lítà 10 sábẹ́ ṣáwà, kẹ́ ẹ ka àkókò tó fi kún.

Ilé_Tuntun:
Ìṣẹ́jú 2 géérégé. Gáàsì wá ńkọ́?

Páìpù_Idẹ:
Lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Á tan, àmọ́ ọ̀nà inú ẹ̀rọ náà tín-ín-rín, á tún dín omi kù. Ẹ fi pọ́ǹpù kékeré ṣáájú rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ wá irú èyí tí wọ́n ṣe fún omi tí kò lágbára.

Ní ti gáàsì, 20 sí 30 kW kò le fún un, nítorí náà ṣáwà àti síńkì lè ṣiṣẹ́ pọ̀. Àmọ́ èéfín rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní páìpù tó gbé e jáde sìta. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín náà, kò lóòórùn, kò sì láwọ̀, ẹni tó ń wẹ̀ lè kú kó tó fura. Ẹ má gbé e sínú balùwẹ̀ rárá. Páìpù gáàsì tó ń bọ́ sítóòfù lè má tóbi tó láti bọ́ òun náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi iná mànàmáná ṣáná, bí iná bá lọ, omi gbígbóná lọ nìyẹn.

Táǹkì_Ló_Tó:
Ẹ jẹ́ n gbèjà táǹkì díẹ̀. Lítà 50 tó gbóná dé dígírì 60, tẹ́ ẹ bá fi omi dígírì 25 lú u kó lè di dígírì 40, á di bíi lítà 117, ṣáwà ìṣẹ́jú 19 lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Èèyàn mẹ́rin á fi wẹ̀, bí wọn ò bá sọ balùwẹ̀ di ilé ijó. Ẹlẹ́míńtì (irin inú rẹ̀ tó ń mú omi gbóná) 2 kW á tún mú un gbóná ní bíi wákàtí kan, wáyà tẹ́ ẹ ní tẹ́lẹ̀ sì lè tó o.

Òótọ́ ni pé táǹkì ń pàdánù ooru nígbà tẹ́nikẹ́ni ò lò ó. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀ràn agbára sọ pé nílé tó ń lo omi gbígbóná tí kò ju bíi lítà 155 lọ lójúmọ́, èyí tí kò ní táǹkì ń fi 24 sí 34 nínú ọgọ́rùn-ún sàn jù; bí ìlò bá tó ìlọ́po méjì, ó wálẹ̀ sí 8 sí 14. Ṣùgbọ́n ẹ má retí kí omi tètè gbóná: èyí tó ti tutù nínú páìpù ṣì ni yóò kọ́kọ́ jáde.

Wáyà_Pupa:
Ó kù kan. Bí ọṣẹ kì í bá hó dáadáa nínú omi yín, ẹfun wà nínú rẹ̀, yóò sì di èépá sínú ẹ̀rọ. Kí wọ́n fi fáfù méjì sí i láti ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e kọ́, èyí tí yóò já a kúrò lára omi ilé. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ pa iná, ẹ ti fáfù méjèèjì, kẹ́ ẹ fi pọ́ǹpù kékeré yí bíi lítà 4 fínígà funfun ká inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 45 sí 60. Ẹ fi omi lásán ṣàn án fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fọ asẹ́ ẹnu ọ̀nà omi, kẹ́ ẹ wá ṣí ẹ̀rọ omi títí afẹ́fẹ́ á fi tán nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan iná. Ẹlẹ́míńtì tó bá gbóná láìsí omi lára rẹ̀, jíjó ló máa jó.